Yìnyín Oswego: ẹ má dúró dìgbà tó bá dá kẹ́ ẹ tó kó o

Apá ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀yìn náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí adágún Ontario bíi tiwa, láti Oswego títí dé Pulaski ní ìpínlẹ̀ New York, l'Amẹ́ríkà, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa yìnyín (snow) tó ń bọ́ níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kẹ́rù bọ̀ nítorí iléèwé tàbí iṣẹ́, ẹ fìdí kalẹ̀, torí àwọn èèyàn yín ní Houston tó ń sọ pé "yìnyín lásán ni, á yọ́" kò tíì rí nǹkan kan.

Adágún yìí jìn gan-an, ó lé ní igba mítà níbi tó jìn jù, ìdí nìyẹn tí gbogbo ojú rẹ̀ kì í fi í sábà dì. Atẹ́gùn tútù á ti Kánádà wá, á gba orí omi tó gbóná jù ú lọ, á fa oru omi sókè, tó bá sì ti kan ilẹ̀, orí wa ló ń dà á lé. Tó bá wá jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, tó gba gígùn adágún náà já láti òkèèrè, ẹ ti ra búrẹ́dì sílé. Ojú ọ̀nà tóóró kan ló máa ń tọ̀: oòrùn lè máa ràn ní ìlú Syracuse tí kò jìnnà sí wa kí àwa níbí má rí ọwọ́ ara wa. Lóṣù kìíní ọdún 1966, ínṣì 102 ló rọ̀ sí Oswego láàárín ọjọ́ márùn-ún. Lóṣù kejì ọdún 2007, Redfield tó wà lórí òkè Tug Hill gba ínṣì 141, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ẹ ò ní rí ọmọ ìlú yìí kó máa pariwo nítorí ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Èmi pariwo o.

Ọkọ mi wà ní Syracuse lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì yìnyín kan dé, wọ́n sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má wakọ̀ bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Èmi àtàwọn ọmọ nìkan la wà nílé. Yìnyín náà bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ń kù, inú mi dùn, mo ya fídíò ránṣẹ́ sí ìyá mi n'Ìbàdàn. Mo sùn. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mi ò kó o lálẹ́, torí gbogbo ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn, láti Maryland dé Texas, ohun kan náà ni wọ́n sọ: jẹ́ kó dá ná. Mo sì ti sanwó fún ọkùnrin kan láti oṣù kẹwàá pé kó máa wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹnu ọ̀nà wa títí òtútù á fi lọ. Ó gbowó. Mi ò rí i, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, títí di òní olónìí.

Aago márùn-ún ìdájí, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ìta ló ń ṣí sí, yìnyín sì ti rọ́ tì í. Mo fi èjìká tì í, ó yẹ̀ díẹ̀, àlàfo tó gba ọwọ́ kan ṣoṣo. Ike tí mo fi ń kólẹ̀ ni mo nà síta láti inú àlàfo yẹn, mo ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń dà sínú bàtà mi, títí tí mo fi lè há ara mi jáde. Jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìkan ló yọrí. Mo gbẹ́, mo gbẹ́, òógùn bo ara mi nínú òtútù, fóònù ń dún lápò torí wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo gbẹ́ ọ̀nà dé títì, mo ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Ibẹ̀ ni kátákátá ìjọba dé. Ó ń gbá títì lọ, gbogbo ohun tó gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò ló dà sí ẹnu ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó tó mi láyà. Kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn mọ́ o, ó ti papọ̀ mọ́ iyọ̀ àti omi dídì, ó ń dún kó kó lábẹ́ ṣọ́bìrì. Mo kígbe. Awakọ̀ náà juwọ́ sí mi. Mo bá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo gbójú sókè, àwọn ọmọ mi wà lójú fèrèsé, wọ́n ń gbá jígí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣeré.

Ìyá arúgbó tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa (Màmá ni mò ń pè é, ó sì ń dáhùn) ló sọdá. Ọmọdé ló wà nígbà ìjì 1966. Ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ ti mọ́ tónítóní, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní òun ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta láti alẹ́. "Wákàtí méjì-méjì," bó ṣe wí nìyẹn, ó bá gbé ṣọ́bìrì kékeré rẹ̀, a jọ bẹ̀rẹ̀.

A gbẹ́ ẹ tán. Ọkọ mi padà dé, níbi iṣẹ́ wọ́n gbà mí gbọ́, ìjì náà ò sì tíì tán nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ máa kó o bó ṣe ń bọ́. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, kò wúwo, ọmọdé lè gbé e. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, á rọ́ lé ara rẹ̀, á di ẹrù, ẹrù yẹn sì ti dá ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lórí ṣọ́bìrì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ o.

Ẹ̀kọ́ kejì jọ ti àkọ́kọ́: kátákátá á wá, ẹ fi í sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá dojú kọ títì, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ máa da yìnyín sí, kẹ́ ẹ la àyè sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ibẹ̀ ni kátákátá á da púpọ̀ nínú tirẹ̀ sí kó tó dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹnu ọ̀nà gan-an, ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ ìdí sáléńsà ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó tanná sí i, àti páìpù tí ẹ̀rọ amúlégbóná fi ń tú èéfín síta, torí gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn kò lóòórùn, ó sì ń pànìyàn.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kẹ́ ẹ máa kó o bó ṣe ń bọ́. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Àwọn kan á ní ṣebí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yìnyín wà lọ́jà. Owó rẹ̀ dà?

Ìgbádùn ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ń jáde ní wákàtí méjì-méjì, ìta ò ní bà yín lẹ́rù mọ́. Àwọn ọmọ á tẹ̀ lé yín. Ẹ̀ẹ̀kan wọ́n ń yọ̀ lórí ike wálẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí adágún, a ń wo ilé iná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, tó wà níbẹ̀ láti 1934, omi dídì ti wọ̀ ọ́ láṣọ, odi Fort Ontario wà ní òdìkejì odò. Tí ọwọ́ bá dì, a máa ń yà sí ilé ìkàwé ìlú, èyí tí Gerrit Smith tó bá ìkónilẹ́rú jà fowó sí ní àwọn ọdún 1850, tí wọ́n ṣì ń lò dòní. Tá a bá délé, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà.

Ṣọ́bìrì oníke ni kẹ́ ẹ rà, onírin wúwo jù. Ẹ fi òróró ìdáná díẹ̀ pa ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, yìnyín ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì rà á báyìí, torí tí wọ́n bá ti kéde ìjì, kò ní sí ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù.