Lẹ́yìn Mantius ní Berlin

Leipziger Straße ni mo dúró sí, níwájú ilé olókùúta ńlá kan tí ọlọ́pàá ń ṣọ́. Ilé ìgbìmọ̀ Bundesrat nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe àwọn aṣòfin ló gbé mi débẹ̀. Tẹ́nọ̀ ni mí nínú kúáyà ìjọ wa láti kékeré, tẹ́nọ̀ bíi tèmi ni mo ń tọpa rẹ̀: Eduard Mantius.

Schwerin ni wọ́n bí i sí ní 1806. Ìmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ lọ kà, àmọ́ orin fà á kúrò níbẹ̀. Ní 1830 ó wọ ilé opera ọba ní Berlin, níbi tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré orí ìtàgé.

Ilé àwọn òbí Felix Mendelssohn, ará Jámánì tó ń ṣe àkọsílẹ̀ orin, ló wà ní Leipziger Straße níbi tí mo dúró sí yìí nígbà náà. Wọ́n ti wó o. Ní 1829, nígbà tí ìgbéyàwó àwọn òbí Felix pé ọdún 25, ó fi opera kékeré kan ta wọ́n lọ́rẹ. Ará ilé àti ọ̀rẹ́ ló kọ ọ́ lálẹ́ December 26, Mantius sì wà lára wọn. Wilhelm Hensel, ọkọ Fanny ẹ̀gbọ́n Felix, ayàwòrán ni. Etí rẹ̀ kò gbọ́ orin rárá. Felix kò yọ ọ́ sílẹ̀. Nóòtì kan ṣoṣo ló kọ fún un, F, òun náà ni yóò máa kọ títí. Nígbà tó kàn án, kò rí i mú, bí wọ́n ṣe ń kùn ún sí i létí tó.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ipa tí Mantius kó lórí ìtàgé lọ. Bàbá kan ń jókòó tì mí ní kúáyà wa. Kí atẹdùùrù tó gbé orin, á tẹ̀ sí mi: "Ọmọ mi, fún mi lóhùn." Èmi náà á kùn ún sí i létí.

Mo rìn dé ilé opera ní Unter den Linden. Iná jó o ní 1843, nígbà tí Mantius ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n tún un kọ́ lọ́dún kejì. Ní 1857 ó fi ìtàgé sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn mìíràn lórin. Ó kú ní 1874, ọdún mẹ́ta ṣáájú ẹ̀rọ Edison tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀fun àwọn tó kọ́ nìkan ni ohùn rẹ̀ rí gbà.

Nírọ̀lẹ́, mo dé itẹ́ òkú kan nítòsí Hallesches Tor. Hensel àti Fanny wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì kùn F fún un, jẹ́jẹ́.