Ọkọ̀ oníyàrá, àwa, àti iṣu Ṣábẹ̀ẹ́

Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, alẹ́ ọjọ́ Ajé

Ohun kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí láti àárọ̀: ṣé ó gbà yín, ṣé ẹ rí ibi na ẹsẹ̀ sí? Àdúgbò ló rí wa nígbà tá a ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Faransé, camper van táwọn òyìnbó ń pè é, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n sọ inú ẹ̀ di yàrá, bẹ́ẹ̀dì ńbẹ̀, fìrígò ńbẹ̀, sítóòfù ńbẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi ò lè kàn sọ pé ó gbà wá kí n máa lọ, torí ó gbà wá níbì kan, ó há mọ́ wa níbòmíràn, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ bó ṣe rí lára mi.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ọkọ̀ oníyàrá gba èèyàn méjì, ó sì tù wọ́n lára. Kò gba ìdílé, pàápàá jù lọ kò gba ìrìn àjò bí àwa ṣe máa ń rìn ín níbí, tá a máa lọ síbi ayẹyẹ, tá a máa múra, tá a máa gbàlejò, tá a máa gbẹ́rù bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí inú ẹ̀ ṣe rí. Fiat Ducato ni, èyí tó gùn tó mítà 6 ku díẹ̀, tí òrùlé ẹ̀ ga. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ oníyàrá ní Yúróòpù fẹ́ràn ẹ̀ torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró gbọọrọ, kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ wọnú lápá òkè bíi tàwọn yòókù. Kí wọ́n tó kan nǹkan kan mọ́ ọn nínú, láti ilẹ̀ dé òrùlé tó nǹkan bíi 1.93 mítà, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ tó 1.87. Pákó ilẹ̀, pákó òrùlé àti fóòmù tí wọ́n tẹ́ sáàárín wọn sì máa jẹ nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ga, wọ́n ń dúró láìtẹ orí ba, àmọ́ irun wọn ń kan òkè. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn, ìbú ọkọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí kó má bàa jẹ gígùn ọkọ̀ tán, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ga tó 1.80 á ká orúnkún díẹ̀ kó tó sùn. Èmi ò ga, mo na ara mi gbọọrọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Faransé ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n ra kékeré, irú Volkswagen tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí sókè, pé ó rọrùn láti wà láàárín ìlú. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì yẹn láti 1950, nígbà tó fi máa di 1951 ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń ṣe é lọ́nà téèyàn á fi lè sùn sínú ẹ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Tí wọ́n bá gbé òrùlé ẹ̀ sókè, aṣọ tó nípọn ló ń di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan á sì wà lókè, bẹ́ẹ̀dì míì nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa gba inú aṣọ yẹn wọlé, mo gbà, ìyẹn dáa. Àmọ́ òjò tiwa kì í rọ̀ jẹ́jẹ́, ìjì ló máa ń bá a wá, ta ló máa dìde lóru lọ pa òrùlé dé? Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rà. Ọkọ̀ téèyàn ò bá ti lè dúró ṣánṣán nínú ẹ̀ láti wọ ṣòkòtò, á rẹ̀ ẹ́ kíá.

Lójú ọ̀nà, kò sẹ́jọ́. Ẹni tó bá ti wọ tasí láti Àjàṣẹ́ wá sí Kétu rí, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, tí orúnkún ẹnì kejì wà lórí itan ẹ̀ láti Ṣakẹ́tẹ́ títí kọjá Pọ́bẹ̀, á mọ̀ pé ìjókòó tó dá wà lọ́tọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. A gba Kové jáde sí Bohicon, a kọrí sí àríwá, mo na ẹsẹ̀, mo mu omi tútù láti inú fìrígò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ya ilé sórí tábìlì. Àwo ń pariwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù lóòótọ́ níbi tí ọ̀nà ò ti dáa, a fi àǹkárà wé wọn, ariwo rọlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á wò dáadáa ni pé iye èèyàn tó lè sùn sínú ọkọ̀ kọ́ ni iye tó lè jókòó tó sì ní bẹ́líìtì. Ẹ béèrè méjèèjì. Tiwa yìí, àwa mẹ́rin jókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì, àmọ́ èèyàn méjì ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn gbà, ibi tábìlì ni wọ́n ń sọ di bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ìyẹn tó bá ti sùn tán, kò sẹ́ni tó lè jókòó mọ́.

Alẹ́ wá lẹ́. Àgbàlá ilé ìtura kan ní Ìdáṣà la wọ́ ọkọ̀ sí, oṣù kẹta la wà yìí, ẹ mọ bí ooru ṣe ń rí. Irin ọkọ̀ ti yá oòrùn láti àárọ̀. Fóòmù tí wọ́n fi sínú ògiri ẹ̀ máa ń dẹ ooru lọ́wọ́ kó má tètè wọlé lọ́sàn-án, òótọ́ ni, àmọ́ tó bá ti wọlé tán kì í jẹ́ kó jáde mọ́. Èèyàn mẹ́rin ń mí sínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wo ohun tó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú o, ẹ̀rọ tó ń jó epo dísù láti fi mú inú ọkọ̀ móoru! Ó gbàyè, ó sì wúwo. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yẹn ro ti òtútù ilẹ̀ wọn, kò sì burú bó ṣe rò ó, ìlú ẹ̀ ló ṣe é fún. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, fáànù kékeré tó ń lo bátìrì, táwọn sólà orí òrùlé ń gba iná sínú ẹ̀ lọ́sàn-án, òun nìkan la ní. Tá a bá ṣí ilẹ̀kùn ńlá, ẹ̀fọn. Tá a bá tì í, inú ààrò. Fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn ò ní. Nígbà tó di bí aago kan òru, ìyàwó wa gbé ọmọ, ó lọ tẹ́ ẹní sí fàráńdà ilé ìtura yẹn, èmi náà tẹ̀ lé e.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n má fi téèpù wọn bẹ́ẹ̀dì nìkan. Tí afẹ́fẹ́ ò bá ráàyè kọjá, yàrá tó fẹ̀ tó gbọ̀ngàn pàápàá á há mọ́ èèyàn. Ihò ló yẹ kó wà lórí òrùlé, kí fáànù ńlá tó ń fa ooru jáde wà lẹ́nu ẹ̀, torí òkè ni ooru máa ń lọ, kí fèrèsé ìsàlẹ̀ sì máa gba atẹ́gùn tuntun wọlé. Nígbà ọyẹ́ ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, òru á tutù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi irú ọkọ̀ yìí rìn kiri Benin, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ àyè ti yé mi jù ni àárọ̀ ọjọ́ kejì, tá a ń múra ìgbéyàwó. Ìyàwó wa ń wé gèlè. Ẹ sáà mọ gèlè, apá méjèèjì ló ń lọ sókè, ìgbọ̀nwọ́ á yà sọ́tùn-ún yà sósì, èèyàn á fà á sẹ́yìn kó tó ta kókó. Ọ̀nà àárín tó wà láàárín ibi ìdáná àti tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ló gbà. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀kùn tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, tòsì kan kọ́bọ́ọ̀dù òkè, gèlè tú. Ó tún un wé, mo ti gun orí bẹ́ẹ̀dì kí n lè fún un láyè, ọmọ wà lábẹ́ tábìlì ń wá ẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi dúró níta pẹ̀lú agbádá lọ́wọ́ torí kò síbi tí wọ́n máa wọ̀ ọ́ sí nínú. Gèlè tún tú. Ó wá mú dígí, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀ẹ̀kan náà ló wé e tó dúró. Ẹni tó wọn ọkọ̀ yẹn wọ̀n ọ́n fún ẹni tó ń wọ ṣòkòtò àti kóòtù. Aṣọ tiwa ń fẹ́ kéèyàn na apá.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọn ò tiẹ̀ ti jẹ́ ká sùn sínú ẹ̀. Bá a ṣe wọ́ ọkọ̀ wọ àgbàlá báyìí, tí àwọn òkè olókùúta yẹn yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá àgbà wa jáde, wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n yìn ín dáadáa, wọ́n wá ní, "Ó dáa, ẹ kú oríire. Yàrá yín ti wà nílẹ̀ o, wọ́n ti gbá a. Ẹ ò ní sùn sínú mọ́tò níwájú ilé bàbá yín." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣé, ìyá." Ó parí. Inú mi dùn sí i, torí èwo ni kéèyàn dé ilé ẹbí kó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ra? Gbogbo ọ̀sán làwọn èèyàn ń wọlé wá wò ó, àwọn àgbà jókòó sórí ìjókòó iwájú tí wọ́n ń yí kọjú sẹ́yìn, inú wọn dùn, àwọn ọmọ kún orí bẹ́ẹ̀dì. Ó gba àlejò fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn, mo lè jẹ́rìí.

Ìgbà tá a fẹ́ padà wá ni wàhálà dé. Iṣu, ẹ̀bùn lóríṣiríṣi. Gàrí nínú àpò. Wàgàṣì, ìyẹn wàrà. Adìyẹ méjì tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ta ló máa sọ fún ìyá àgbà pé òun ò gba iṣu Ṣábẹ̀ẹ́? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bátìrì, páìpù àti táńkì omi wà, àyè tó kù níbẹ̀ kún fọ́fọ́, ìyókù iṣu wọ inú ibi ìwẹ̀, gàrí jókòó sí ọ̀nà àárín, a ń gun orí ẹ̀ kọjá. Ìwúwo tún wà ńbẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí, 3.5 tọ́ọ̀nù ni wọ́n máa ń fàyè gbà á láti wúwo mọ ní Faransé, torí ibẹ̀ ni ìwé ìwakọ̀ lásán mọ, tí wọ́n bá sì kan gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù àti bátìrì mọ́ ọn, òun fúnra ẹ̀ lè ti sún mọ́ 3. Omi lítà 100 jẹ́ kílò 100. Kẹ́ ẹ wá ka èèyàn mẹ́rin sí i, kẹ́ ẹ tó kó iṣu. Kíá ni ẹ̀gbọ́n mi da omi táńkì nù kí wọ́n tó kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n sì rọra ń wa ọkọ̀ bọ̀, bí ọ̀nà bá ti kọ́lọ kọ́lọ báyìí, wọ́n á dẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ àti tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Garawa àti omi níta dáa ju ibi ìwẹ̀ kékeré yẹn lọ, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì wúlò fún ọmọ lóru, àpótí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tètè dà nù.

A jọ sọ ọ́ lálẹ́ yìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ ìmóoru yẹn kúrò, kí wọ́n yọ kọ́bọ́ọ̀dù òkè ẹ̀yìn, kí wọ́n gé ihò fáànù sí òrùlé, kí wọ́n sì rán nẹ́ẹ̀tì ńlá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbà gbogbo ẹ̀ àyàfi kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìwé àti oògùn wọn ń gbé. Àwọn àti ìyàwó wa fẹ́ gbé e lọ Natitingou lápá àríwá nígbà ọyẹ́, ọmọ á dúró tì mí ní Kétu. Alurinmọ́rin kan ní Àjàṣẹ́ ló máa gé òrùlé yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ fún un.