Ọjọ́rú: 52 − 38

Ìṣirò kan ṣoṣo ló wà lójú pátákó láàárọ̀ òní. Kíláàsì kẹta ni, níbí ní Ilé-Ifẹ̀: ọmọ 42, tíṣà kan. A ya ojú ewé ìwé sí mẹ́rin, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba pélébé kan, ó kọ orúkọ rẹ̀ sókè, ó ṣe 52 − 38 sábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, a gbà á padà. A kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì: irú àṣìṣe tí kálukú ṣe là ń wá, ká lè mọ ẹgbẹ́ tá a máa fi í sí. Orí tábìlì la to àwọn ìwé náà sí, àwọn tí ìdáhùn wọn bára mu sórí ara wọn.

Òkìtì mẹ́rin ló sábà máa ń jáde: 14 tó tọ̀nà, 26, 24 àti 90. Àwọn díẹ̀ tí wọn ò kọ nǹkan kan, ẹ̀gbẹ́ tábìlì la ó pè wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní máàkì la fún wọn, ẹni tó kọ 26 àti ẹni tó kọ 24 á jọ gba òdo, wọn á jókòó pa pọ̀, a ó sì tún nǹkan kan náà kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe Àbá kọ́ ló ń ṣe Òjó. Ẹni tó kọ 26 yọ 2 kúrò nínú 8, ó yọ 3 kúrò nínú 5. Àwa tíṣà la kó o sí i lórí: ní kíláàsì kìíní la ti ń sọ pé "kékeré là ń yọ kúrò nínú ńlá", ọmọ sì di òfin náà mú ṣinṣin. Ẹni tó kọ 24 ní tirẹ̀ mọ̀ pé 2 kò ṣeé yọ 8 nínú rẹ̀. Ó yá mẹ́wàá, ó rí 4, àmọ́ ó gbàgbé pé 5 ti di 4.

Ìṣirò tá a máa fi dán wọn wò gba ìrònú. 58 − 32 kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí kò sí yíyá nínú rẹ̀. 54 − 27 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 27 náà ni ìdáhùn rẹ̀, ọmọ tó bá kàn da nọ́ńbà ojú pátákó kọ á gbà á.

Àwọn tó kọ 90 ro 52 àti 38 pọ̀ ni, àmọ́ ẹ má tíì kà wọ́n mọ́ ẹni tí kò mọ ìyọkúrò. Ẹ pe ọ̀kan, kí ẹ fi Yorùbá bi í: "Ìyá rẹ gbé ọsàn méjìléláàádọ́ta lọ sí Ọjà Tuntun, ó ta méjìdínlógójì, mélòó ló kù?" Bó bá gbà á, á jẹ́ pé àmì yẹn ni kò dá mọ̀, tàbí Gẹ̀ẹ́sì tíṣà ni kò yé e. Mọdákẹ́kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's, láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Títí dòní, a ṣì ń pe ọmọ tí kò gbọ́ èdè ní olódo ìṣirò.

Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ 38: méjì ló fi dín ní ogójì. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ tajà lè máa gòkè ni: méjì sí i, ó di ogójì, mẹ́wàá sí i, àádọ́ta, méjì sí i, méjìléláàádọ́ta. 2, 10, 2, àpapọ̀ rẹ̀ 14. Kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ni kò ka Yorùbá kọjá ogún, irú wọn kò lè rí ìrànlọ́wọ́ nínú orúkọ yẹn.

Àwọn tó kọ 26 ló ni tíṣà lónìí. Igi ìgbálẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn: 90 igi, tí a gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí ẹyọ kan gùn tó ìdajì rúlà. Ìyẹn jẹ́ 360, ó tó ọmọ 12 tó jókòó ní méjì méjì, 60 fún méjì. A ka mẹ́wàá mẹ́wàá, a fi rọ́bà dì í. Ẹ tún ìdì kọ̀ọ̀kan kà, torí bí mọ́kànlá bá wọnú ọ̀kan, gbogbo ìṣirò ọjọ́ náà á dàrú.

Ìdì 5 àti ẹyọ 2 ni kí wọ́n tò síwájú. "Ẹ mú ẹyọ 8 kúrò." Wọn á wo ojú ara wọn. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn á fa rọ́bà ìdì kan, ẹyọ á di 12, ìdì á ku 4. Ó mú 8, ó ku 4. Ó mú ìdì 3, ó ku 1. Títú rọ́bà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí tíṣà bá wọn tú u, tàbí kó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Owó bébà náà kò ṣiṣẹ́ tó níbi yìí, torí náírà mẹ́wàá kò ṣeé tú. Bí òjò bá sì ń lu páànù, tí ohùn kò kọjá ìjókòó kejì, igi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó àwọn 24: kí wọ́n fagi lé 5, kí wọ́n kọ 4 sórí rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹyọ.

Àwọn 14 ńkọ́? Kì í ṣe ogún ìṣirò irú kan náà, ìyà nìyẹn. Ẹ fún wọn ní 7□ − □8 = 25, kí wọ́n wá nọ́ńbà tó sọnù. Ẹni tó bá tètè ṣe tán lè lọ ran ẹnìkejì lọ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan pẹ́ńsù onípẹ́ńsù.

Bẹ́ ẹ fi orúkọ òdòdó pe ẹgbẹ́ wọ̀nyí, láàárín ọjọ́ méjì àwọn ọmọ á ti mọ èyí tí í ṣe ti olódo. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì fi ẹgbẹ́ ìwé kíkà ṣe ẹgbẹ́ ìṣirò. Ọmọ tí kò tíì lè ka gbólóhùn lè wà nínú àwọn 14.

Lọ́la, yíya ìlà fún ìdì àti tóótòòtó fún ẹyọ. Ọ̀túnla, nọ́ńbà nìkan. Ọjọ́ Ajé, ìwé pélébé tuntun: 61 − 27. 34 ló tọ̀nà; 46, 44 àti 88 la ó máa wá. Ọmọ tó kọ 26 lónìí tó wá kọ 44 lọ́jọ́ Ajé ti kọ́ yíyá, bó ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ ló ṣì kù.