Ohun tí káàdì ilé ìwòsàn kọ́ mi nípa wíwá ènìyàn nínú database

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe database, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, ìbáà jẹ́ aláìsàn tàbí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ tètè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ohun tí a fi mọ̀ pé lágbájá gan-an nìyí, àti ohun tí a fi ń wá a rí. Wíwá ni iṣẹ́ orúkọ. Ẹ má gbé iṣẹ́ kejì lé e lórí.

Nígbà tí mò ń kó káàdì ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn sínú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Obìnrin kan náà lè jẹ́ Ṣadé Akíntúndé lórí káàdì kan, kó di Fọláṣadé Bello lórí èkejì lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí nọ́ọ̀sì sì kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀" gàdàgbà sórí ẹ̀kẹta. Kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fi orúkọ sínú àtẹ ènìyàn rárá. Nọ́ńbà kan tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan ni kọ̀ǹpútà ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan, kì í sì í yí padà. Orúkọ ní àtẹ tirẹ̀: ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú orúkọ tó jẹ́, àti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Kí ló dé tí n kò lo nọ́ńbà fóònù tàbí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ènìyàn? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù kan náà ni ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà ń fi sílẹ̀. NIN, tó jẹ́ dígíìtì 11, dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ àná kò tíì ní in, ẹni tí wọ́n sì gbé dé láti ibi ìjàǹbá ọkọ̀ kò lè ka tirẹ̀ fún wa. Ó ní àyè tirẹ̀ nínú àtẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ primary key, ìyẹn nọ́ńbà tí database fi ń dá ẹni kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ọmọ tuntun ni kẹ́ ẹ fi dán iṣẹ́ yín wò. Ọjọ́ kẹjọ la máa ń sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ife, kì í dúró dìgbà yẹn. Bí ẹ bá sọ orúkọ di dandan, "Baby Adéyẹmí" ló máa kún ibẹ̀. Ti ìbejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, ìyá kan, àdírẹ́sì kan, fóònù kan. Ètò tó bá ní "gbogbo èyí bára mu, ẹnì kan ni wọ́n" máa pa wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fún Kẹ́hìndé ní oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé! Kí kọ̀ǹpútà kó àwọn tó jọra síwájú òṣìṣẹ́, kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló máa pinnu. Bí wọ́n bá sì pa fáìlì méjì pọ̀, ẹ má pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa tọ́ka sí èyí tó kù, kẹ́ ẹ lè tú wọn bó bá yá.

Ní ti ọjọ́ ìbí àwọn àgbà, ẹ fi column (òpó) kan kún àtẹ tó máa sọ bóyá ọdún nìkan la mọ̀. January 1 tí wọ́n máa ń kọ fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Wíwá gan-an wá kù. Lẹ́tà ẹ́ lè wọlé lọ́nà mẹ́ta: ẹ tí wọ́n fi àmì òkè kún, é tí wọ́n fi àmì abẹ́ kún, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó tọ́jú rẹ̀, kí orúkọ sì wà bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣe column kejì fún wíwá, tí kò ní àmì kankan, tí "sh" ti di "s" nínú rẹ̀, kí Shola àti Ṣọlá lè pàdé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Soundex, ọ̀nà tó ń sọ ìró orúkọ di kóòdù, tàn yín. Orúkọ àwọn èèbó Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, ọdún 1918 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ àti dígíìtì mẹ́ta péré ló ń mú, nítorí náà O425 ni Oluwaseun, Olusanya àti Oluwasanmi. Nílùú tí Olú pọ̀ tó báyìí! Mo fara mọ́ pg_trgm, àfikún kan fún PostgreSQL tó jẹ́ ètò database, tó ń gé orúkọ sí lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, tó sì ń wo iye tó bára mu. Ẹ fi ọjọ́ orí, orúkọ ìyá àti ọjọ́ tí ẹni náà wá kẹ́yìn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, òṣìṣẹ́ káàdì á mọ èyí tó ń wá.

Bí wíwá bá ti rọrùn báyìí, aṣojúmìító náà á lè wá. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023, nítorí náà ẹ ṣe àtẹ kan sí i: ta ló wá ta ni, ìgbà wo, fún kí ni.