Bí a ṣe ń fi pílánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò

Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò ló máa ń ya àwòrán Saturn sẹ́gbẹ̀ẹ́ “24 + 37”, tí wọ́n á ní àwọn ti fi pílánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ. Àwòrán yẹn kò fi nǹkan kan kún ìṣirò náà. Ohun tó dára nínú pílánẹ́ẹ̀tì ni àwọn nọ́ńbà tiwọn gan-an: wọ́n tóbi, wọn kò ṣe rẹ́gí, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì dọ́gba. Ọmọ ní láti ronú lórí ohun tó fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ibẹ̀ ni mo rò pé àǹfààní rẹ̀ wà.

Ẹ kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí oòrùn sójú pátákó: Mercury 58, Venus 108, Ayé 150, Mars 228, Jupiter 778, Saturn 1,427, Uranus 2,871, Neptune 4,498. Mílíọ̀nù kìlómítà ni gbogbo wọn. Ìpíndọ́gba ni, torí pé ipa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí oòrùn ká kò rí roboto pátápátá. (Mẹ́jọ ni wọ́n. Àwọn àtẹ ògiri tó ti pẹ́ ṣì ń ka Pluto mọ́ wọn, àmọ́ ọdún 2006 ni àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ sánmà ti yọ ọ́ kúrò.)

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ méjì nínú wọn pẹ̀lú gbogbo òdo rẹ̀: 58,000,000 àti 4,498,000,000. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí ọmọ kọ 1,427 mílíọ̀nù bíi 1,427,000. Ó ti rí kọ́mà nínú 1,427, ó sì rò pé kọ́mà yẹn ti ṣe iṣẹ́ òdo mẹ́ta. Ẹ fa àpótí sínú ìwé rẹ̀, kó máa fi nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ ọ̀tún: ẹyọ, ẹgbẹ̀rún, mílíọ̀nù, bílíọ̀nù. Á rí i fúnra rẹ̀ pé àpótí méjì ló gbọ́dọ̀ kún fún òdo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé mílíọ̀nù tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n máa fi 58, 108 àti 150 ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti okùn. Ẹ wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í nà, tó gùn tó mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 30, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ tàbí ti káfíńtà, bírò, àti bébà aláwọ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ okùn náà. Òwú tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà kò dára, torí ó máa ń nà. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ ní orí okùn, ẹ lẹ oòrùn mọ́ ibẹ̀. Ẹ wá sọ pé mílíọ̀nù 150, ibi tí Ayé wà, á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mílíọ̀nù 15 nìyẹn, nítorí náà kí wọ́n fi 15 pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì mú ìdáhùn lọ sí odindi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù. 58 ÷ 15 jẹ́ 3.87, ó di 4. Venus á bọ́ sí 7, Mars sí 15, Jupiter 52, Saturn 95, Uranus 191, Neptune 300. Fún àwọn tí kò tíì lè fi 15 pín nọ́ńbà, ẹ lo mílíọ̀nù 10 fún sẹ̀ǹtímítà kan. Pọ́íǹtì nìkan ni wọ́n á sún: 58 á di 5.8, 778 á di 77.8. Okùn mítà 5 lẹ máa nílò nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọn ohunkóhun, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka tọ́ka ibi tó rò pé Uranus máa wà. Ọ̀pọ̀ á pín okùn lọ́gbọọgba, torí bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé nìyẹn. Ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ má tíì sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í.

Àṣìṣe tó ń da okùn rú jù ni kí wọ́n máa wọn pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti ara èyí tó ṣáájú rẹ̀ dípò láti ara oòrùn. Mercury á wà ní 4, Venus á bọ́ sí 11, Ayé 21, Mars 36, Jupiter 88, Saturn 183. Tí wọ́n bá dé Uranus, 374 ló máa jẹ́, okùn á sì ti tán. Ẹ má tètè dá sí i. Okùn tó tán yẹn ló máa mú kí wọ́n béèrè pé 191, láti ibo gan-an? Rúlà sẹ̀ǹtímítà 30 náà máa ń fa wàhálà: ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n á gbé e sílẹ̀ kí wọ́n tó dé Neptune, bí wọ́n bá sì fi mìlímítà 2 ṣì í nígbà kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 2 ló máa dà. Ẹ tún yẹ rúlà wò, torí òmíràn ní àyè díẹ̀ kí òdo tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ a sì máa wọn láti etí rẹ̀.

Tí okùn bá parí, ìdá ló kàn. Kí wọ́n ká a sí méjì láti oòrùn dé Neptune: kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan ní 150. Kí wọ́n ká a sí mẹ́ta: Saturn wà nítòsí ìdá kan nínú mẹ́ta, Uranus kò sì jìnnà púpọ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mars wà ní 15 nínú 300, ìyẹn ìdá kan nínú ogún. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló há sínú ìdá kan nínú ogún okùn yẹn! Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú mọ bí ìdá náà ṣe kéré tó.

Wọ́n á béèrè bóyá bébà tó dúró fún Jupiter tóbi tó. Rárá o, ibi tó wà nìkan ló ń fi hàn, ẹ sọ ọ́ kedere. Lórí okùn yìí, oòrùn fúnra rẹ̀ kò tó mìlímítà kan, Ayé kò sì ṣeé fojú rí. Bí ẹ bá fẹ́ kí Ayé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, ìbú oòrùn á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 109, Ayé á fi bíi mítà 117 jìnnà sí i, Neptune á sì wà ní kìlómítà 3 àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé kan kò fi lè gba títóbi àti jíjìnnà pọ̀ lórí ìwọ̀n kan náà.

Ẹ ṣe títóbi lọ́tọ̀. Ìbú Ayé jẹ́ kìlómítà 12,756, ti Jupiter 142,984. Ẹ mú wọn lọ sí 13,000 àti 143,000. Ìyọkúrò á mú 130,000 wá, pípín á mú 11 wá. Méjèèjì tọ̀nà, àmọ́ ìbéèrè wọn yàtọ̀: èkíní ń sọ iye tí Jupiter fi ju Ayé lọ, èkejì ń sọ iye Ayé tí a lè tò sórí ìlà láti ẹ̀gbẹ́ kan Jupiter dé èkejì. Ẹ má gba ìdáhùn lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá sọ èyí tó ń dáhùn.

Ọjọ́ orí ni wọ́n máa ń gbádùn jù. Ọdún pílánẹ́ẹ̀tì ni àkókò tó fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan: Mercury ọjọ́ 88, Mars ọjọ́ 687, Jupiter fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún wa 12. Ọmọ ọdún 10 ti lo nǹkan bí ọjọ́ 3,650. Ẹ fi 88 pín in, ó ti pé ọdún 41 lórí Mercury. Ẹ fi 687 pín in, ó ti pé ọdún 5 lórí Mars. Orí Jupiter ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á fi 10 pín 12, torí wọ́n gbà pé nọ́ńbà ńlá ni a máa ń pín, 1.2 á sì jáde. Ẹ bi wọ́n pé, láàárín ọdún 10, ṣé Jupiter ti yí oòrùn ká tán? Kò tíì. Ìdáhùn kò gbọ́dọ̀ tó 1 nígbà náà: 10 nínú 12, ìyẹn ìdá 5 nínú 6. Kí wọ́n máa sọ ṣáájú bóyá ìdáhùn máa ju ọjọ́ orí wọn lọ tàbí kò ní tó o.

Ooru àti òtútù dára fún nọ́ńbà abẹ́ òdo. Mercury máa ń gbóná tó 430°C lọ́sàn-án, á sì tutù dé −180°C lóru. Ẹ bi wọ́n pé, báwo ni àlàfo àárín méjèèjì ṣe tó? Ọmọ tó bá yọ 180 kúrò nínú 430 á rí 250, kò sì tọ̀nà. Ẹ fa ìlà nọ́ńbà lóòró, kó gòkè láti −180 dé òdo, kó tó lọ sí 430. 610 ni. Ti ìwúwo kò gba àkókò: ọmọ tí òṣùwọ̀n kà sí kìlógíráàmù 30 níbí, òṣùwọ̀n kan náà á ka 5 lórí òṣùpá, ìdá kan nínú mẹ́fà, àti bíi 11 lórí Mars. Ẹ kàn rán wọn létí pé ara ọmọ náà kò dínkù.

Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, ẹ lo ìmọ́lẹ̀. Kìlómítà 300,000 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 150,000,000 ÷ 300,000: ẹ jẹ́ kí wọ́n fa òdo márùn-ún kúrò lára méjèèjì, ó ku 1,500 ÷ 3, ìyẹn 500. Kí wọ́n wá fi 60 pín 500, ìṣẹ́jú 8, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹni tó bá lo kalikulétọ̀ á rí 8.33, á sì kọ ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 33. Ẹ ní kó fi 60 sọ 0.33 di púpọ̀. Fún Neptune, wọn kò nílò òdo kankan: 300 lórí okùn jẹ́ ìlọ́po 30 ti Ayé, nítorí náà 30 × 500 jẹ́ 15,000, ìyẹn ìṣẹ́jú 250, tàbí wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 10. Kalikulétọ̀ á sọ 4.17, ẹ ṣọ́ ẹni tó bá kọ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 17.