Ìyá eléepo kan ló parí orí kẹta fún wa

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí mo tọ́ sọ́nà fún mémoire, ìwé àṣekágbá nínú ìmọ̀ ìṣirò, èmi gan-an ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Orí ọ̀rọ̀ tí mo fún un fẹ̀ bí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): martingale, ìyẹn ìṣirò tẹ́tẹ́ tí kò ní ojóóró, àti ìlò rẹ̀. Ó kọ ojú ewé tó lé ní ọgọ́ta, ó to tíọ́rẹ́ẹ̀mù onímọ̀ ìṣirò Doob tẹ̀lé ara wọn. Mo kà á, inú mi dùn, mo buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ soutenance, ọjọ́ tó gbèjà ìwé rẹ̀, àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ pa ìwé náà dé. Ó ní: «Ọmọ mi, ẹni méjì ń ta tẹ́tẹ́, frank kan lẹ́ẹ̀kan, kò sí ojóóró níbẹ̀. Ọ̀kan mú frank 3 wá, èkejì mú 7. Wọ́n á ta á títí owó á fi tán lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí ni ìṣeéṣe pé ẹni tó ní 3 ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ?»

Ọmọ náà wo pátákó, ó wá wò mí. Ìdáhùn wà nínú ìwé òun fúnra rẹ̀, kò kàn dá a mọ̀ ni. Bí kò bá sí ojóóró, iye tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí náà ni ìpíndọ́gba iye tó máa wà lọ́wọ́ rẹ nígbẹ̀yìn. Nígbẹ̀yìn, o ní 10 tàbí o ní òdo. Ìṣeéṣe náà lọ́nà 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ 3, ó di 3/10. Kò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n fún un ní máàkì tó gbé e kọjá, ṣùgbọ́n ojú tì mí jù ú lọ.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, àpẹẹrẹ kékeré la máa kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe lórí tábìlì. Mo sì ń ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó fi Faransé kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè la ẹnu láìsọ «Soit», ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kò tíì yé e. Àwọn kan máa ń ráhùn pé iṣẹ́ ọmọdé ni kéèyàn máa ka nǹkan ní oókan, eéjì. Mo máa ń sọ fún wọn pé lọ́dún 1913, Markov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, fọwọ́ ka lẹ́tà 20,000 nínú ewì Pushkin, ó ń ya fáwẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́ńsónáǹtì.

Ọmọbìnrin kan wá fẹ́ ṣe processus de Poisson, ìṣirò ohun tó ń ṣàdédé dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó lọ jókòó ti ìyá kan tó ń ta kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò, lẹ́bàá ọjà Wàńdó (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí nípa òfin epo), kó máa ka iye zém, ọ̀kadà akérò, tó bá yà síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nínú Poisson, ìpíndọ́gba àti variance, ìwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká sí, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó mú iṣẹ́ dé, méjèèjì bára mu rẹ́gí. Ó bára mu jù lójú mi. Mo ní kó fún mi ní ìwé tó ń kọ nọ́ńbà sí. Ó ti fi báírò pupa fagi lé gbogbo ìlà tí èrò ti pọ̀.

«Kí ló dé tí o pa wọ́n rẹ́?»

«Prof, wọn ò bá òfin mu ni.»

«Òfin ta ni?»

A dá wọn padà, variance di ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti ẹ̀ jọ padà lọ bá ìyá eléepo. Ó wò wá bí ẹni ń wo ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé. «Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ò gbọ́ agogo ilé ìwé ni? Wákàtí kan ò jọ wákàtí kan lọ́jà.»

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Poisson tí a mú lọ gbà pé bí èrò ṣe ń dé, tí à ń fi λ kọ, kì í yí padà láti àárọ̀ dalẹ́; bó bá ń yí pẹ̀lú àkókò, λ(t) là ń kọ. Ọmọ náà wá pín ọjọ́ sí wákàtí wákàtí, nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan nọ́ńbà méjèèjì sún mọ́ra. Orí kẹta ìwé rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìyá náà sí òkè orí náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ soutenance, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó mú ẹfun, ó kọ λ(t) sára pátákó.