Bùlẹ́ńdà tó jó ní Òmù-Àrán

Alẹ́ Ọjọ́rú, Tankẹ, Ìlọrin

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Kí n tó ráyè kí wọn, Alhaja tó pè mí láti Òmù-Àrán ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣe ẹ́? Ẹ̀rọ tí o tà fún mi ti jó. Èéfín ṣì ń yọ lára ẹ̀ báyìí."

Ara mi bù máṣọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra ṣàlàyé fún mi. Ọmọ wọn obìnrin bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òní ni wọ́n ń sọmọ lórúkọ. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà láti alẹ́ àná, wọ́n ti bó o, wọ́n fẹ́ lọ̀ ọ́ fi dín àkàrà fún àwọn tó ń bọ̀ wá bá wọn ṣe é. Wọ́n da ẹ̀wà sínú bùlẹ́ńdà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní igbe tó ké, bí ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú fẹ́ gbéra ni, inú wọn tiẹ̀ ń dùn pé ẹ̀rọ yìí mà lágbára o. Kò tó ìgbà tí èèyàn máa ka mẹ́wàá tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba gbogbo ilé ìdáná. Wọ́n sáré gbé ìkókó jáde síta. Wọ́n fa wáyà yọ, ẹ̀wà wà nínú ife ẹ̀rọ náà, ìdajì rẹ̀ kúnná, ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní hóró.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá béèrè pé, "Màmá, sitẹ́pù-dáwùn ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná ilé wa kù kó tó wọ inú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ni.

Tòkunbọ̀ ni mò ń tà, àwọn ẹ̀rọ ilé ìdáná. Alábà ní Èkó ni mo ti ń kó wọn wá, orí fóònù ni mo sì ti ń tà á jù. Èyí tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kì í ní wàhálà, torí 230 fólítì ni iná tiwọn bíi tiwa, ẹnu pílọ́ọ̀gì wọn tó ní irin mẹ́ta náà bá ihò ògiri wa mu. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ló ní ọ̀rọ̀ nínú. 120 fólítì ni iná wọn lọ́hùn-ún, òun ni gbogbo wa ń pè ní wọ́n-tẹ́ẹ̀nì, ìyẹn 110. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà lẹ́nu pílọ́ọ̀gì wọn, kò wọ ihò ògiri wa. Ọmọkùnrin Alhaja rí i pé kò wọ̀ ọ́, ló bá lọ ra àdápítọ̀ lọ́jà, ó ki ẹnu pílọ́ọ̀gì bọ inú rẹ̀, ó ki àdápítọ̀ bọ ògiri. Ẹnu pílọ́ọ̀gì nìkan ni àdápítọ̀ ń bá èèyàn yí padà. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ò dín kù rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 120 wá ń mu 230. Tó bá jẹ́ ohun tó ń gbóná bí ìyáná búrẹ́dì (tósítà) ni, ooru tó máa mú jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n ṣe é fún. Iná tó pọ̀ jù yẹn ló jẹ́ kí bùlẹ́ńdà náà ké bẹ́ẹ̀. Agbára kọ́, ó ń kú lọ ni.

Mo ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ẹ̀rọ náà pé ó gbọ́dọ̀ lo sitẹ́pù-dáwùn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, mi ò ní purọ́. Mo ṣí fóònù mi, mo wá àwòrán ẹ̀rọ náà lọ, mo ka ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, ìlà mẹ́fà. Ìlà kìíní sọ pé tòkunbọ̀ ni. Ìkejì sọ bí ife rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ìkẹta sọ pé ó sán díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ife, pé kò jò. Ìkẹrin ló sọ pé 110V ni, pé ó gbọ́dọ̀ lo sitẹ́pù-dáwùn. Ṣùgbọ́n bí WhatsApp ṣe gbé e síta, ìlà méjì àkọ́kọ́ àti ìdajì ìkẹta ló hàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù ní láti tẹ ibi tí wọ́n kọ "Read more" sí. Ọ̀rọ̀ tó lè sun ilé wà lẹ́yìn ibi téèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Mo wá ka ọ̀rọ̀ tí èmi àti Alhaja jọ sọ. Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ padà sí mi, wọ́n ní, "Èló ni?" Iye rẹ̀ wà lára àwòrán gàdàgbà, N38,000. Mo ní N38,000. Wọ́n ní N30,000. Mo ní kò gbà. Wọ́n ní kí n fojú ìyá wò wọ́n. A parí ẹ̀ sí N35,000. Mo fi nọ́ḿbà àkáǹtì ránṣẹ́, wọ́n sanwó, mo fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ dírẹ́bà láti Gáréèjì Ọ̀ffà, ó gba Ajàṣẹ́-Ìpo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì. Kò síbì kankan nínú gbogbo ẹ̀ tí èmi tàbí wọ́n ti dárúkọ iná. A na ọjà náà dáadáa, a ò sọ̀rọ̀ nípa ọjà fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe Alhaja nìkan. Bọ̀dá kan ní Gàá-Àkànbí ra máíkírówéfù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ mi lóṣù méjì sẹ́yìn, ó sì ra sitẹ́pù-dáwùn ńlá mọ́ ọn, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìgbà mẹ́ta ló pè mí pé mo ta ẹ̀rọ tó ní àrùn fún òun, pé aago ojú rẹ̀ ń falẹ̀. Bó bá ṣe é sí aago méjìlá ọ̀sán, tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti fi wákàtí kan sẹ́yìn. Òtítọ́ ni. Iná Amẹ́ríkà ń yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń yí nígbà 50. Sitẹ́pù-dáwùn ń dín fólítì kù ni, kì í fọwọ́ kan iye ìgbà tí iná ń yí, bẹ́ẹ̀ iye yẹn ni irú aago bẹ́ẹ̀ ń kà. Wákàtí kan tiwa, ìṣẹ́jú 50 ni lójú tirẹ̀. Oúnjẹ á gbóná, aago ló máa ń ṣìnà. Mo kọ èyí náà síbẹ̀, ìlà kẹta. Nígbà tí mo ní kó lọ kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó mà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Má bínú, àǹtí." Ó dùn mọ́ mi pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ ọ́.

Ọ̀kan tún wà tó ra ife bùlẹ́ńdà nìkan, tó ń retí ẹ̀rọ rẹ̀. Tàwọn tó ń béèrè pé "ṣé tuntun ni?" lábẹ́ ibi tí mo kọ tòkunbọ̀ sí ò lóǹkà.

Ó ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rọ kan, mo lè lo wákàtí kan lórí rẹ̀ kí n tó gbé e síta. Màá nù ún, màá tẹ̀ ẹ́ wò lórí sitẹ́pù-dáwùn tèmi, màá yí ìdí rẹ̀ sókè ka ohun tó wà lára irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ yẹn, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé fóònù ni mo fi ń yà á kí n tó lè fẹ̀ ẹ́ kà. Ẹni tó fẹ́ fi N35,000 sílẹ̀, ìlà mẹ́fà ò pọ̀ jù fún un láti kà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí Alhaja sọ ò kúrò létí mi. Nígbà tí mo ní, "Màmá, mo kọ ọ́ síbẹ̀," wọ́n ní, "Ìwé lo kọ. Èmi, ẹnu ni mo fi bá ẹ sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó o fẹnu sọ fún mi."

Ìyá mi ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba títí tí ara ò fi gbé e mọ́. Kò kọ nǹkan kan sára igbá rí. Oníbàárà á dúró, á ní "èló lèyí?", ìyá mi ò sì ní kọ́kọ́ dárúkọ owó. Á ní, "Ẹ wo èyí, ti ọdún yìí ni. Èyí tó wà lápá ibẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, òjò kàn án nígbà tí wọ́n ń sá a, ìyẹn ló fi dọ́pọ̀." Oníbàárà á bu díẹ̀, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ òórùn rẹ̀. "Èló ni" tí wọ́n kọ́kọ́ sọ yẹn, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ni. Àwọn tó ń béèrè owó lábẹ́ owó tí mo kọ, mo rò pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ni ọjà. Èmi wá ń fi owó dá wọn lóhùn, mo sì ń rò pé ìwé ti bá mi sọ ìyókù.

Láti kékeré ni àlùfáà wa ti ń kọ́ wa ní iléekéwú pé ẹni tó bá ń ta ọjà tó ní àlébù gbọ́dọ̀ fi àlébù náà han ẹni tó fẹ́ rà á. Fífi hàn ni wọ́n pè é. Tí mo bá gbé e síbi tí mo mọ̀ pé ojú púpọ̀ ò dé, ṣé mo ti fi hàn? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka òfin ní Yunifásítì Ìlọrin wá síbí lọ́sàn-án, mo ro ẹjọ́ náà fún un. Ó ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé ní èdè tó rọrùn, tó yé e, àti pé ọjà tí wọ́n ti lò rí, kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́ gbangba. Mo ní mo sọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, 110V, èdè ta ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Alhaja mọ̀wé, wọ́n fi ọdún púpọ̀ ṣe tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ká ní wọ́n tẹ "Read more", wọn ì bá ka 110V, wọn ì bá sì kọjá lórí rẹ̀ bí èmi náà ṣe ń kọjá lórí àwọn nọ́ḿbà ẹ̀yìn páálí oògùn. Nọ́ḿbà náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé iná ilé rẹ máa jó o.

Ní ìrọ̀lẹ́, dírẹ́bà kó ẹ̀rọ náà dé Gáréèjì Ọ̀ffà, mo gbé e lọ bá bọ̀dá tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tú ìdí rẹ̀. Wáyà kópà tó yẹ kó máa dán bí oòrùn ti dúdú kíríkírí, ó fi èékánná ha á, eérú ló bá èékánná rẹ̀ jáde. Ó ní òun lè wá kọ́ìlì tó lè gba iná tiwa tó bá a mu, tí kò fi ní nílò sitẹ́pù-dáwùn mọ́, N12,000. Mo pe Alhaja, mo ní èmi á san ìdajì. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n san gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi gbé e díẹ̀, ẹ ò kà á, èmi náà ò sọ ọ́." Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò ló padà bá wọn lọ ẹ̀wà náà, àkàrà sì jáde kí àwọn èèyàn tó dé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà, wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo ṣàdúrà fún un.

Láti ìgbà tí mo ti kírun Iṣái ni mo ti ń tún àlàyé kọ. Ìlà àkọ́kọ́ ti gbogbo ẹ̀rọ Amẹ́ríkà báyìí, Yorùbá ni: Iná ilé wa máa jó ẹ̀rọ yìí tí kò bá sí sitẹ́pù-dáwùn. Àdápítọ̀ ò lè gbà á. Lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni owó. Mo tún mú sẹ́lótéèpù pupa, mo ń wé e mọ́ irin méjèèjì ẹnu pílọ́ọ̀gì wọn, kí ó má ṣeé ki bọ ohunkóhun láìjẹ́ pé èèyàn kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ já a. Ẹ̀rọ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀. Mo ti wé mẹ́jọ, téèpù tán.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ẹnì kan fi àwòrán ìyáná búrẹ́dì ránṣẹ́ sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Èló ni?" Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo kí i, mo bi í léèrè irú iná tó ní nílé.